Afárá àti Ilé Tiwa: Ohun Tó Yẹ Kí Ìjọ Mọ̀ Nípa Síso Ìkànnì Ìtàkùrọ̀sọ Pọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, ìkéde kan ṣoṣo ni akọ̀wé ìjọ máa ń kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹgbẹ́ akọrin wà lórí WhatsApp, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wà lórí Telegram, àwọn àgbà kan kò kúrò nídìí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní London tàbí Houston sì ní ibòmíràn tí wọ́n ti ń pàdé. Bí ìkéde bá ti ń kọjá láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ mìíràn ni aago ń yí padà, tí ọjọ́ sì ń yẹ̀, tí ẹlòmíràn yóò gbọ́ nípa ìsìn ìsìnkú lẹ́yìn tí a ti sin òkú tán.

Ọgbọ́n méjì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò sí ìṣòro yìí. Èkíní ni afárá, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ìkànnì ìtàkùrọ̀sọ kan sọdá sí òmíràn. Èkejì ni kí ẹgbẹ́ kan ní sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, tí ń tọ́jú rẹ̀, tí ó sì ń fi í ránṣẹ́, dípò kí ẹgbẹ́ náà fi gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan. A ó ṣàlàyé ibi tí ọgbọ́n méjèèjì ti wá, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ewu tó wà nínú wọn. Ohun kan ni a fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó ń ṣọ́ afárá ló ń rí ẹrù gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Ìdí tí ìkànnì kan kò fi gbọ́ ti èkejì

Ẹni tó ní síìmù MTN lè pe ẹni tó ní Glo tàbí Airtel. Kò sí ẹni tó ń kọ́kọ́ béèrè irú síìmù tí ẹnìkejì ní kí ó tó pè é, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà ti fohùn ṣọ̀kan láti máa gba ìpè ara wọn wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni í-méèlì rí. Láti ọdún 1982 ni a ti tẹ ìlànà SMTP jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé e, ìdí nìyí tí lẹ́tà fi lè kúrò lọ́dọ̀ Yahoo kí ó sì dé ọ̀dọ̀ Gmail láìsí wàhálà.

Ìtàkùrọ̀sọ orí íntánẹ́ẹ̀tì náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí. Ní ọdún 1988, Jarkko Oikarinen ṣe ìkànnì tí a ń pè ní IRC ní Yunifásítì Oulu, ní ilẹ̀ Finland, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe sì lè gbé sáfà tirẹ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wọ inú iṣẹ́ náà, olúkúlùkù mọ odi yí ọgbà tirẹ̀ ká. ICQ dé ní ọdún 1996, AIM dé ní 1997, ìkànnì Yahoo dé ní 1998, MSN Messenger sì tẹ̀ lé e ní 1999. Ẹni tó wà nínú ọgbà kan ní láti lọ gba àkáǹtì mìíràn kí ó tó lè kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà kejì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rántí Yahoo Messenger ní àwọn kaféè íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí a ń sanwó wákàtí kan kí a lè bá àwọn ará wa lókè òkun sọ̀rọ̀. Níbo ni àwọn ìkànnì wọ̀nyẹn wà lónìí? Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí pa tirẹ̀ tì ní ọdún 2013. AIM kógbá wọlé ní oṣù kejìlá ọdún 2017, Yahoo Messenger ní oṣù keje ọdún 2018, ICQ sì ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ayálégbé ni gbogbo ẹni tó ń lò wọ́n. Onílé ló mọ ọjọ́ tí òun yóò ti ilẹ̀kùn. Kódà, kò dìgbà tí onílé bá kógbá wọlé pátápátá. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri ayé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ìjọ tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti pe ọmọ ìjọ yàtọ̀ sí WhatsApp kò ní ọ̀nà kankan ní ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Jabber: ìgbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn

Ní oṣù kìíní ọdún 1999, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Jeremie Miller kéde iṣẹ́ kan tó pè ní Jabber. Èrò rẹ̀ ni pé kí ìtàkùrọ̀sọ dà bí í-méèlì: kí ilé-ẹ̀kọ́, ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọ lè ní sáfà tirẹ̀, kí àwọn sáfà náà sì lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó tún fi afárá sí i. Ẹni tó wà lórí Jabber lè gba orí sáfà rẹ̀ kọjá lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ICQ, AIM tàbí MSN. Ní ọdún 2004, ẹgbẹ́ IETF tí ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì fọwọ́ sí ìlànà Jabber, wọ́n sì fún un ní orúkọ tuntun, XMPP.

Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé odi yóò wó. Google gbé Google Talk jáde ní ọdún 2005 lórí ìlànà XMPP, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 2006, ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn sáfà mìíràn. Ẹni tó wà lórí sáfà kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lè bá ẹni tó ní Gmail sọ̀rọ̀ lójúkojú. Facebook náà ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ fún XMPP ní ọdún 2010. Àmọ́ kò pẹ́. Ní ọdún 2013, Google mú Hangouts wá, èyí tí kò gba àwọn sáfà mìíràn láyè. Facebook ti ọ̀nà tirẹ̀ ní ọdún 2015. Google Talk fúnra rẹ̀ sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2022. WhatsApp pàápàá, tí Jan Koum àti Brian Acton dá sílẹ̀ ní ọdún 2009, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lórí ejabberd, sáfà XMPP tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, síbẹ̀ kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn sáfà yòókù.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Ìlànà tó ṣí sílẹ̀ kì í kú nítorí pé aládùúgbò ńlá kan kó lọ: XMPP ṣì wà, ejabberd àti Prosody ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ sáfà títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ilẹ̀kùn ilé ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu bí wọ́n bá tì í.

Matrix, àti ìdí tí àwọn ìjọba fi yàn án

Ní ọdún 2014 ni Matthew Hodgson àti Amandine Le Pape pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìlànà mìíràn jáde, Matrix. Ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí wọ́n kà sí pípé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2019. Bí XMPP ṣe rí náà ni Matrix rí ní ti pé ẹnikẹ́ni lè ní sáfà tirẹ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ ni bí ó ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti orí sáfà mẹ́ta bá jọ wà nínú yàrá ìtàkùrọ̀sọ kan, sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò ní ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yàrá náà. Bí iná bá lọ ní ibi tí ọ̀kan wà, àwọn méjì yòókù ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Nígbà tí iná bá dé, èyí tó sùn yóò jí, yóò sì gba ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná kò dúró sójú kan, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Afárá sì wà lára ohun tí wọ́n ṣe Matrix fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Synapse ni orúkọ sáfà tí a mọ̀ jùlọ nínú rẹ̀, Element sì ni orúkọ ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sórí fóònù láti lò ó. Ìjọba ilẹ̀ Faransé gbé ìkànnì Tchap kalẹ̀ lórí Matrix fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ ológun Jámánì náà sì ní tirẹ̀. Mozilla, àwọn tó ṣe Firefox, pa sáfà IRC wọn tì ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n sì kó lọ sórí Matrix. Ìdí tí ìjọba fi ń ṣe èyí kò ṣòro láti lóye: wọn kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa gbé nínú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ òfin wọn.

Gbogbo àwọn sáfà tí a dárúkọ wọ̀nyí jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní open source. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ṣe ètò náà kò fi ọ̀nà tí ó gbà ṣe é pamọ́: ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì lò ó láìsan owó ìwé-àṣẹ. Richard Stallman ló bẹ̀rẹ̀ ìpè fún irú òmìnira yìí ní ọdún 1983. Ó dà bí ìyá tó kọ́ni ní bí a ṣe ń se ọbẹ̀, tí kì í ṣe pé ó kàn bù ú fún wa jẹ. Bí olóúnjẹ bá kó lọ, ebi kò ní pa wá.

Bí afárá ṣe ń ṣiṣẹ́

Oríṣi afárá méjì ni ó wọ́pọ̀. A lè fi oríṣi kìíní wé ògbufọ̀ tí ń dúró ti oníwàásù lórí pẹpẹ. Alábòójútó yóò fi àkáǹtì ẹ̀rọ kan sínú ẹgbẹ́ Telegram, yóò sì fi òmíràn sínú yàrá Matrix tàbí IRC. Bí ẹnìkan bá kọ ọ̀rọ̀ níhà kan, ẹ̀rọ náà yóò tún un sọ níhà kejì, yóò sì fi orúkọ ẹni tó sọ ọ́ ṣáájú. Ètò Matterbridge ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó rọrùn láti gbé kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní láti fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sílẹ̀.

Oríṣi kejì dà bí ìránṣẹ́ tí a fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa. Afárá yóò wọ inú àkáǹtì olúkúlùkù ní orúkọ rẹ̀, gbogbo ohun tó bá wọlé fún un lórí ìkànnì kan yóò sì hàn lórí èkejì. Àwọn afárá mautrix tí ń so WhatsApp pọ̀ mọ́ Matrix jẹ́ irú èyí. Wọ́n ń gba ọ̀nà kan náà tí a fi ń ṣí WhatsApp lórí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, bí a kò bá ṣí WhatsApp lórí fóònù gan-an fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, afárá náà yóò já.

Kì í ṣe gbogbo ẹrù ni afárá lè rù. Ọ̀rọ̀ kíkọ ń sọdá dáadáa. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ àti àwòrán lè sọdá bí ìhà méjèèjì bá gbà wọ́n. Ìpè kì í sábà sọdá. Èyí tó ṣe pàtàkì jùlọ ni ọ̀rọ̀ tí a bá pa rẹ́: ẹni tó pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́ lórí Telegram lè rò pé ó ti lọ, nígbà tí ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà níhà kejì tí gbogbo ènìyàn ń kà á.

Ìkànnì mìíràn kò sì fẹ́ afárá rárá. Òfin WhatsApp kò gba ètò tí kì í ṣe tirẹ̀ láyè, ó sì lè ti àkáǹtì ẹni tó bá lò ó pa. Kódà láàrin àwọn ìkànnì ọlọ́fẹ̀ẹ́, ìyapa lè dé: ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, afárá ńlá tó so Matrix pọ̀ mọ́ ìkànnì IRC tí a ń pè ní Libera Chat dáwọ́ iṣẹ́ dúró lẹ́yìn tí àwọn alábòójútó Libera Chat béèrè bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kan ti ń béèrè láti oṣù kẹta ọdún 2024 pé kí WhatsApp ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìkànnì mìíràn tó bá béèrè. Òfin àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni. Kò kan Nàìjíríà, kò sì kan àwọn ará wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ àṣírí àti ẹni tó ń ṣọ́ afárá

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìjọ gan-an. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016, WhatsApp ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di àdìtú láti orí fóònù ẹni tó fi í ránṣẹ́ títí dé orí fóònù ẹni tó gbà á, tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè kà á lójú ọ̀nà. Ó dà bí lẹ́tà tí a fi èdìdì dì. Ṣùgbọ́n afárá kò lè gbé lẹ́tà sọdá láìtú èdìdì rẹ̀, nítorí pé èdìdì ìhà kejì yàtọ̀. Ó ní láti tú u, kí ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ó sì tún un dì fún ìhà kejì. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó wà láàrin ìtú àti ìdì, ọ̀rọ̀ náà wà ní ìhòhò lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ni afárá. Bí ó bá fẹ́ kà á, ó lè kà á. Bí olè bá wọ inú kọ̀ǹpútà náà, olè náà lè kà á.

Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa ohun tí àwọn ọmọ ìjọ ń kọ ránṣẹ́. Obìnrin kan ń sọ fún ìyàwó àlùfáà pé oyún òun tún bàjẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń béèrè àdúrà nítorí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Tọkọtaya kan ń sọ ìjà ilé wọn fún olùdámọ̀ràn. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ìkéde. Àwọn baba wa sọ pé ògiri létí. Afárá ní etí jù ú lọ, nítorí pé ó tún ń ṣe ìrántí ohun tó gbọ́. Òfin ààbò dátà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn ènìyàn mọ́ ohun tó nílò ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Ìjọ tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gba orí ẹ̀rọ rẹ̀ ti di olùtọ́jú rẹ̀ níwájú òfin, kì í ṣe níwájú Ọlọ́run nìkan.

Kí ni níní sáfà tiwa ń béèrè?

Níní irinṣẹ́ ìròyìn tirẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun fún ìjọ nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1859, nígbà tí Henry Townsend ti ìjọ CMS bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lọ́wọ́ ìjọ náà ni ó fi tẹ̀ ẹ́. Kò retí ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Àmọ́ nígbà tí rògbòdìyàn ọdún 1867 bẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n ba ẹ̀rọ náà jẹ́, ìwé ìròyìn náà sì dópin. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀ ní ẹrù ilé náà pẹ̀lú.

Ohun tí sáfà ń béèrè nìyí. A nílò orúkọ àdírẹ́sì tí ìjọ fúnra rẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí kì í ṣe orúkọ ọmọkùnrin kan tó lè kó lọ sí Canada lọ́la. A nílò kọ̀ǹpútà tí kì í sùn. Prosody kò wúwo, kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi lè gbé e. Synapse ń fẹ́ agbára tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá bí yàrá ìtàkùrọ̀sọ bá pọ̀. Bí iná ọ́fíìsì ìjọ kò bá dúró, ó sàn kí a yá àyè lórí sáfà ilé-iṣẹ́ tí ń yáni, kí a sì mọ̀ pé a ti ní onílé ní ìdajì. Ìwé-ẹ̀rí ààbò tí ń jẹ́ kí fóònù gba sáfà gbọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọ̀dọ̀ Let's Encrypt láti ọdún 2015. Bí ìjọ bá fẹ́ ṣe ìpàdé olójúkojú, Jitsi Meet wà tí a lè gbé kalẹ̀ fúnra wa.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ tí kì í tán: títún ètò náà ṣe nígbàkígbà tí àtúnṣe ààbò bá jáde, àti títọ́jú ẹ̀dà ìpamọ́ sí ibòmíràn yàtọ̀ sí ibi tí sáfà wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Abẹ́òkúta lè ṣẹlẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, bóyá nípa iná, nípa olè, tàbí nípa àrá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Bí ó bá ṣàìsàn, tàbí tí òun àti ìjọ kò bá rẹ́ mọ́, kọ́kọ́rọ́ ilé gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ìmọ̀ràn fún àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ

A kò sọ pé kí gbogbo ìjọ sáré lọ gbé sáfà kalẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni a rò pé ó yẹ kí ìgbìmọ̀ gbé yẹ̀ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, kí a ya ìkéde sọ́tọ̀ kúrò lára ìdámọ̀ràn. Àkókò ìsìn, ìpàdé, ìsìnkú àti ìkórè lè gba orí afárá kọjá. Ẹni tó bá kà wọ́n kò rí àṣírí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ àdúrà ìkọ̀kọ̀ àti ìdámọ̀ràn kò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ láéláé.

Èkejì, kí a sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé afárá wà, ibi tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, àti orúkọ àwọn tó ń bójú tó o. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọdá ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ kí ó tó sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a yan alábòójútó bí a ṣe ń yan olùtọ́jú owó ìjọ: ènìyàn méjì ó kéré tán, tí a mọ ìwà wọn, tí wọ́n búra láti pa àṣírí mọ́, tí wọ́n sì ń jíhìn fún ìgbìmọ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan kò tó fún ipò yìí.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe fi gbogbo ẹyin wa sínú apẹ̀rẹ̀ afárá. Kí ìwé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ìjọ wà ní ọ́fíìsì lórí ìwé, kí agogo ìjọ sì ṣì máa dún.

Afárá dára, ilé tiwa sì dára. Ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ tó béèrè iye tí sáfà jẹ́, ìbéèrè tó ṣáájú ni èyí: ta ni a lè fi ọ̀rọ̀ ẹkún àwọn ará wa sí lọ́wọ́? Ìjọ tó bá ti rí ìdáhùn sí i ti parí iṣẹ́ tó le jùlọ.